Ìṣirò Tí A Fi Ń Bá Ẹ̀fọn Jà: Ohun Tí Garki Kọ́ Gbogbo Ayé

Ẹni tí ó bá gba ìhà àríwá-ìlà-oòrùn jáde ní ìlú Kano, tí ó sì ń bá ọ̀nà lọ bí ẹni ń lọ sí ààlà ilẹ̀ Niger, yóò kan ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Garki. Kì í ṣe Garki ti Àbújá ni à ń wí o. Garki ti ilẹ̀ Kano ni, èyí tí ó bọ́ sí abẹ́ Ìpínlẹ̀ Jigawa nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọdún 1991. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ibẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo rẹ̀ a gbẹ, ọyẹ́ a sì máa fẹ́ yanrìn sí ènìyàn lójú. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹfà, omi a dágún sí gbogbo kòtò, ọkà bàbà a yọrí nínú oko, ẹ̀fọn náà a sì dé bí ẹni tí a ránṣẹ́ pè. Kò sí ọmọ Oòduà tí ó ti gbé ìhà àríwá rí tí kò mọ àkókò yìí: àkókò tí ara ọmọ ń gbóná ní gbogbo òru, tí ìyá rẹ̀ ń fi aṣọ tútù nù ún lára, tí ó sì ń retí kí ilẹ̀ mọ́.

Ní Garki yìí àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà jùmọ̀ ṣe iṣẹ́ kan láti ọdún 1969 títí di ọdún 1976. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń jókòó lóru, wọ́n ń mú ẹ̀fọn tí ó bá wá jẹ ènìyàn, wọ́n sì ń kà wọ́n. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní orí ìka ọmọdé àti àgbà, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò ibà wà nínú rẹ̀. Wọ́n fín oògùn sí ara ògiri, wọ́n sì pín oògùn fún àwọn ará abúlé. Iṣẹ́ oníṣègùn ni gbogbo èyí jọ lójú ẹni tí ó bá ń wò wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wọn tí ó jẹ́ pé bébà, gègé ìkọ̀wé àti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni ohun ìjà wọn. Oníṣirò ni wọ́n. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ènìyàn lè fi nọ́ńbà sọ tẹ́lẹ̀ ohun tí ibà yóò ṣe ní abúlé kan, kí a tó ná kọ́bọ̀ kan lórí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ télọ̀ yóò tètè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Télọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í déédéé ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ olówó iyebíye. Yóò kọ́kọ́ fi bébà gé àpẹẹrẹ ẹ̀wù náà, yóò wò ó bóyá apá gùn jù, bóyá ọrùn há. Bí àṣìṣe bá wà, bébà ló bàjẹ́, aṣọ kò bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni oníṣirò ṣe ń fi nọ́ńbà gé àpẹẹrẹ ayé: iye ènìyàn, iye ẹ̀fọn, iye ìgbà tí ẹ̀fọn ń jẹ ènìyàn, iye ọjọ́ tí ara fi ń yá. Yóò wá máa yí nọ́ńbà kan sókè, yóò yí òmíràn sílẹ̀, yóò sì máa wo ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

OGUN TÍ ROSS GBÉ DÌDE

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí aráyé mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ń gbé ibà kiri. Àwọn baba wa gbà pé oòrùn ni ń fà á, àwọn mìíràn sì di ẹ̀bi náà ru epo pupa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Ítálì tí ó fún àrùn náà ní orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é títí di òní, afẹ́fẹ́ búburú ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n fún un. Wọ́n rò pé òórùn àbàtà ni ó ń ṣe ènìyàn.

Ronald Ross ni ó tú àṣírí náà. Íńdíà ni a ti bí i ní ọdún 1857, ó sì jẹ́ oníṣègùn nínú iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1897, ní ìlú Secunderabad, ó la inú ẹ̀fọn kan tí ó ti mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ibà, ó sì rí kòkòrò náà níbi tí ó ti ń dàgbà lára agbẹ̀du rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni a fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1902.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ nípa Ross ni pé olùfẹ́ ìṣirò àti ewì ni, àti pé ìṣirò ni ó fi parí ìjà tí ó tẹ̀lé ìwárí rẹ̀. Nítorí pé bí ó ti kéde pé kí a pa ẹ̀fọn kí ibà lè tán, ni àwọn alátakò dìde. Wọ́n ní ta ni yóò pa ẹ̀fọn ayé tán? Bí ènìyàn bá gbẹ́ àbàtà mẹ́wàá, ṣé èyí kọkànlá kò ní tó láti bí ẹ̀fọn tí yóò kún ìlú? Ìdánwò kan tí wọ́n ṣe ní Mian Mir ní ilẹ̀ Íńdíà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún kò yọrí sí rere, àwọn alátakò sì gbé e sórí bí adé.

Àwọn kan gba Ross gbọ́ ṣá. Ọ̀kan nínú wọn ni William MacGregor, tí ó jẹ́ gómìnà Èkó láti ọdún 1899 sí 1904. Oníṣègùn ni òun náà kí ó tó di gómìnà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín kuníìnì, ó ń fa omi àbàtà kúrò. Odò tí a gbẹ́ láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí, orúkọ MacGregor ni a fi pè é.

Ní ọdún 1907, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Ross lọ sí erékùṣù Mauritius kí ó lọ wo ọ̀ràn ibà tí ń pa wọ́n níbẹ̀. Nínú ìwé ìròyìn tí ó kọ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó ti kọ́kọ́ gbé ìṣirò náà kalẹ̀. Ó sì tún un ṣe dáadáa nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1911. Kókó ohun tí ó sọ ni pé kò sí ìdí láti pa gbogbo ẹ̀fọn. Iye kan wà tí ó jẹ́ ààlà. Bí ẹ̀fọn tí ó wà fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan bá ti dín sí iye náà, ibà yóò máa rẹ̀yìn títí yóò fi tán, bí ẹ̀fọn tilẹ̀ ṣì ń kùn létí ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ yìí dàbí àlọ́ lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníṣègùn ìgbà náà, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kò ní ṣe wàhálà kí ó tó yé e. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé àgbẹ̀ kan gbin 100 hóró àgbàdo, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì burú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé 80 hóró péré ni ó kó bọ̀. Ó gbin 80 náà, ó kó 64. Ó gbin 64, ó kó 51. Ẹnikẹ́ni kò dáná sun oko rẹ̀, ẹyẹ kò sì jẹ ẹ́ tán, síbẹ̀ irúgbìn náà ń lọ sí òpin. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé 100 hóró ń mú 120 wá, yóò di 144 ní ọdún kejì, yóò sì di 173 ní ọdún kẹta. Aláìsàn ibà ni hóró àgbàdo yìí. Bí aláìsàn kan bá ti ipasẹ̀ ẹ̀fọn kó ibà ran ju ẹnì kan lọ kí ara rẹ̀ tó yá, ibà ń gbèrú nìyẹn. Bí ẹni tí ó ràn kò bá tó ẹnì kan, ó ń kú lọ nìyẹn. Gbogbo iṣẹ́ ìjọba, gbogbo owó, gbogbo oògùn, kí nọ́ńbà kan ṣoṣo yìí lè wá sí ìsàlẹ̀ ení ni.

ẸJỌ́ ẸNI ÀGBÀ NI

Ó tó ogójì ọdún lẹ́yìn ìwé Ross kí ẹnìkan tó tún ìṣirò náà gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú ojú tuntun. George Macdonald ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ilẹ̀ olóoru ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Freetown nígbà èwe rẹ̀. Ohun tí Macdonald rí kò ní ariwo nínú, ṣùgbọ́n òun ni ó yí bí a ṣe ń bá ẹ̀fọn jà padà.

Ó ní ọmọdé ẹ̀fọn kò lè ran ènìyàn ní ibà. Bí ẹ̀fọn bá mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lónìí, kòkòrò ibà ní láti lo bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú rẹ̀ kí ó tó gbó, kí ó sì dé ibi itọ́ rẹ̀. Ẹ̀fọn tí ó bá kú ní ọjọ́ kẹsàn-án, asán ni gbogbo làálàá kòkòrò náà já sí. Ẹ̀fọn arúgbó ni ọ̀tá. Ó yẹ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé nínú 100 ẹ̀fọn, 90 ni ó ń rí ọjọ́ kejì, tí ó sì ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, bí 35 nínú wọn ni yóò pé ọjọ́ mẹ́wàá. Bí a bá lọ da epo sí ojú omi, tí a pa ìdajì àwọn tanwíji, ẹ̀fọn 100 di 50, àwọn tí yóò pé ọjọ́ mẹ́wàá di 17 tàbí 18. Ó dára, èrè ìdajì ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fi tanwíji sílẹ̀, tí a wá fín oògùn sí ara ògiri níbi tí ẹ̀fọn ti ń sinmi lẹ́yìn tí ó bá jẹun, tí ó fi jẹ́ pé ìdajì ni ó ń kú lójoojúmọ́ dípò ìdá kan nínú mẹ́wàá? Nínú ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀fọn, kò ní tó ẹyọ kan ṣoṣo tí yóò pé ọjọ́ mẹ́wàá. Ìdajì níhìn-ín, ìdajì lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n èrè kan jẹ́ ìlọ́po méjì, èkejì sì ju ìlọ́po ọ̀ọ́dúnrún lọ.

Ohun kan tún wà tí Ross ti rí tẹ́lẹ̀, tí Macdonald sì tẹnu mọ́. Ẹ̀fọn ní láti jẹ ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan láti gba kòkòrò, lẹ́ẹ̀kan láti fi fún ẹlòmíràn. Nítorí náà ohunkóhun tí ó bá sọ jíjẹ ènìyàn di ìdajì, ìdá mẹ́rin ni yóò sọ ibà dà, kì í ṣe ìdajì. Èyí ni nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn fi níye lórí ju bí ó ti rí lójú lọ.

Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọdún 1955 pé òun fẹ́ pa ibà run ní ayé, ògiri ni wọ́n dojú kọ, oògùn DDT sì ni wọ́n ń fín. Ìṣirò Macdonald wà lára ohun tí ó ki wọ́n láyà. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù àti ní àwọn erékùṣù kan, ó ṣẹ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ adúláwọ̀ ní ìsàlẹ̀ Sàhárà, ibi tí ibà fi ṣe ilé gan-an, wọ́n yí i sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pátápátá. Ní ọdún 1969 ni wọ́n pa èrò náà tì, ní ọdún kan náà tí àwọn òṣìṣẹ́ kó ẹrù wọ Garki.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ GARKI

Iṣẹ́ Garki kò kánjú. Wọ́n kọ́kọ́ fi àkókò tí ó ju ọdún kan lọ wo bí nǹkan ti rí láìfọwọ́ kàn án: ẹ̀fọn tí ń jẹ ènìyàn ní òru kan nígbà òjò, èyí tí ń jẹ ẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn tí kòkòrò wà lára wọn láti ìkókó dé arúgbó. Lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1972 àti 1973, wọ́n fín oògùn tí à ń pè ní propoxur sí àwọn ilé. Ní àwọn abúlé kan, wọ́n fi oògùn lílò kún un, wọ́n ń pín in fún gbogbo ènìyàn, aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ le. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá ni àwọn abúlé kan ń gbà á; ní ibòmíràn, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni.

Àwọn oníṣirò kò sùn ní gbogbo àkókò yìí. Klaus Dietz, Louis Molineaux àti ẹnìkejì wọn Thomas ṣe àpẹẹrẹ tuntun kan, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1974. Wọ́n rí i pé ìṣirò Ross àti ti Macdonald kò mú ọ̀rọ̀ kan tí ó wà lójú gbogbo ìyá ní ilẹ̀ adúláwọ̀: ibà tí ń gbé ọmọ ọdún méjì dè, kì í ṣe é lójú mọ́ bí ó bá di géńdé. Ara ti kọ́ ìjà. Àgbà tí ẹ̀fọn ti jẹ fún ogún ọdún lè ní kòkòrò lára kí ó má sì mọ̀. Ara rẹ̀ a tètè lé e jáde, kì í sì í sábà ran ẹ̀fọn mọ́. Wọ́n fi èyí sínú ìṣirò, wọ́n sì gbé ohun tí ó bá jáde lórí bébà sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Garki fi hàn. Méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu.

Èsì ti ogun náà fúnra rẹ̀ kò dùn ún gbọ́. Fífín oògùn nìkan kò ṣe tó bí wọ́n ti retí. Ìdí kan ni pé púpọ̀ nínú ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í dúró sinmi lára ògiri. Bí wọ́n bá ti jẹun tán, ìta ni wọ́n ń gbà lọ. Ìdí kejì, ìṣirò ló sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ní ibi kan, aláìsàn kan lè kó ibà ran 100 ènìyàn, tí a sì mú 90 kúrò nínú rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ ńlá, 10 ni yóò ṣẹ́kù. Mẹ́wàá ṣì jìnnà sí ẹyọ kan. Ibi tí ẹ̀fọn ti pọ̀ bí ti Garki, ènìyàn lè pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kí ó má sì rí ìyàtọ̀ tí ó tó nǹkan nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ. (Nọ́ńbà àpẹẹrẹ ni ìwọ̀nyí, kì í ṣe ti Garki gan-an.)

Níbi tí wọ́n ti fi oògùn lílò kún fífín, ibà wálẹ̀ gidigidi, ikú àwọn ọmọ-ọwọ́ sì dínkù. Ṣùgbọ́n kò tán. Bí wọ́n sì ti dáwọ́ dúró, ó padà wá, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ti sọ pé yóò rí. Ìwé tí Molineaux àti Gramiccia kọ lórí gbogbo rẹ̀ jáde ní ọdún 1980, àwọn kan sì kà á bí ìwé ìkéde òkú: wọ́n ní a kò lè ṣẹ́gun ibà ní ilẹ̀ ọ̀dàn Áfíríkà. Ó yẹ kí á sọ ọ́ pé èyí kì í ṣe ohun tí ìwé náà wí. Ohun tí ìṣirò sọ ni pé irinṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ nígbà náà kò tó, àti pé ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró. Láàárín "kò tó" àti "kò ṣeé ṣe", ìyàtọ̀ wà, ìyàtọ̀ náà sì náni ní ẹ̀mí àwọn ọmọ fún nǹkan bí ogún ọdún tí ayé fi gbé ojú kúrò lára ọ̀rọ̀ ibà ní ilẹ̀ yìí.

LÉYÌN GARKI

Nẹ́ẹ̀tì tí a rẹ sínú oògùn ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ń dá jíjẹ dúró, ó sì ń pa ẹ̀fọn tí ó bá bà lé e, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ibi méjèèjì tí ìṣirò tọ́ka sí ni ó ń kọlù lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú iṣẹ́ ìṣirò kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ díwọ̀n rẹ̀ pé láàárín ọdún 2000 sí 2015, ìgbà mílíọ̀nù 663 ni ibà ì bá ti ṣe ènìyàn ní Áfíríkà tí kò sì ṣe wọ́n nítorí ìgbésẹ̀ tí a gbé, àti pé nẹ́ẹ̀tì nìkan ni ó ni ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè ka ibà tí kò ṣe ènìyàn. Ìṣirò nìkan ni ó lè ka ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ ṣá o. Bí nọ́ńbà tí a kó sínú rẹ̀ bá jẹ́ irọ́, irọ́ ni yóò bí. Ross kò mọ̀ nípa àjẹsára ara tó. Macdonald kò mọ̀ pé ẹ̀fọn Garki ń sinmi níta. Ìdí nìyí tí àwọn ìwé àkọsílẹ̀ Garki, iye ẹ̀fọn òru kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀jẹ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan, fi ṣì wúlò fún àwọn oníṣirò lóde òní. Ẹni tí ó bá ṣe àpẹẹrẹ tuntun, ibẹ̀ ni ó sábà máa ń gbé e lọ láti lọ dán an wò, bí ẹni gbé wúrà lọ sí ojú òkúta.

Nàìjíríà ni ibà pọ̀ sí jù ní gbogbo ayé. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo àwọn tí ń ṣe é ni ó wà níhìn-ín. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wà nísinsìnyí: Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí èkíní ní ọdún 2021, ó fọwọ́ sí èkejì ní ọdún 2023, orílẹ̀-èdè yìí sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún èyí èkejì fún àwọn ọmọdé ní ìpínlẹ̀ Kebbi àti Bayelsa ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ṣùgbọ́n fún àwọn òbí tí ń gbé ìhà àríwá, ohun mìíràn wà tí ó súnmọ́ wọn jù ú lọ.

Ní ọdún 2012, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ní ilẹ̀ ọ̀dàn, níbi tí ọ̀pọ̀ jùlọ ibà ọdún ti ń ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan péré, kí a máa fún àwọn ọmọ tí ó wà láàárín oṣù mẹ́ta sí oṣù 59 ní oògùn lóṣooṣù nígbà òjò, kí ibà tó ṣe wọ́n. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn Garki yóò mọ ibi tí èrò náà ti ń bọ̀. Oògùn tí wọ́n ń pín fún gbogbo ènìyàn nígbà náà, àwọn tí ibà ń pa jù nìkan ni a ń fún báyìí. Àkókò tí ó sì burú jù nìkan ni a ń fún wọn. Ìṣirò ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mọ oṣù tí ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ ní ibi kọ̀ọ̀kan, àti iye ìgbà tí ó tó.

Oògùn náà kì í dáàbò bo ọmọ ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ ń fi lo ti oṣù kan: èkíní ní ojú òṣìṣẹ́ tí ó gbé e wá, èjì tí ó kù sì di ọwọ́ ìyá nílé. Ìyá tí ó bá gbàgbé èyí èkejì àti ẹ̀kẹta nítorí pé ọmọ ń ṣeré, tí ara rẹ̀ sì le, ti dín ọjọ́ ààbò ọmọ náà kù. Ní Jigawa, Kano, Katsina àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní ìhà àríwá, àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ń rìn láti ilé dé ilé nígbà òjò, wọn kì í sì í béèrè ìlú tí baba ọmọ ti wá. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn ní Garki ní oṣù Keje, wọn yóò tún kàn án ní oṣù Kẹjọ, ní oṣù Kẹsàn-án, àti ní oṣù Kẹwàá.